Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lè wo àìsàn ìsoríkọ́?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ Àbúrò, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Láti ìgbà tí ìyá wa ti jáde láyé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ti fẹ́ yọjú síta mọ́. Ọdún méjì rèé tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba tí wọn kò bá wọn rà á. Ìkọ́kọrẹ́ kò wù wọ́n jẹ mọ́, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn kò tọ́jú ìyá wa tó, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni màmá dákẹ́ sí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ìtọ́jú tọ̀sán-tòru. Oògùn tí dókítà fún wọn ti jẹ́ kí oorun wá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n tún máa lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ẹbí ti rọ̀ wọ́n, àlùfáà wa ti gbà wọ́n níyànjú. Kí ni àjèjì fẹ́ sọ tí àwa kò tíì sọ?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Ìtọ́jú Ọpọlọ, Ṣágámù
Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín. Àwọn ni yóò máa sọ̀rọ̀, àjèjì náà ni yóò máa gbọ́. Nígbà tí ẹbí bá ń sọ pé "ẹ fi fún Ọlọ́run", aláìsàn a máa gbé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ní 1917, Sigmund Freud, dókítà ará Vienna, kọ ọ́ pé ìbínú tí ènìyàn ní sí ẹni tí ó pàdánù lè yí padà, kí ó sì máa ja ẹni tí ó ni ín fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ti tún púpọ̀ nínú èrò rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ tí wọ́n ń pè ní psychodynamic ṣì ń wá irú ìbínú bẹ́ẹ̀ kiri. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ olùtọ́jú ní gbogbo ìgbà, bí wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ màmá, àforíjì náà gan-an ni wọn yóò jọ yẹ̀ wò.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Ẹni tí ó ti lọ rí, Ìkẹ́nnẹ́
Oṣù mẹ́ta ni mo fi yí ọ̀rọ̀ bàbá mi ká kí n tó lè sọ pé inú ń bí mi sí wọn, nítorí a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ìbànújẹ́ mi kọ́kọ́ pọ̀ sí i, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà lọ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Àbúrò, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ìtọ́jú Ọpọlọ, Ṣágámù
Ó wà. Ní 2015, àwọn olùtọ́jú ní Tavistock, ilé ìtọ́jú ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé àbájáde ìwádìí lórí ènìyàn 129 jáde, àwọn tí ìsoríkọ́ wọn ti kọ ìtọ́jú mìíràn. Oṣù 18 ni àwọn kan nínú wọn fi ń bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìtọ́jú parí, ìyàtọ̀ kò tíì hàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì sí i, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ náà ni ìsoríkọ́ ńlá ti fi sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 10 péré láàárín àwọn tí ó gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn sábà máa ń ṣe nìkan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá oògùn dúró fúnra wọn o, bí wọ́n bá sì mẹ́nu ba ikú, ẹ gbé wọn dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àbúrò, Ìjẹ̀bú-Òde
Mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n béèrè bóyá àwọn lè fi Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìtọ́jú Ọpọlọ, Ṣágámù
Kí wọ́n béèrè fún ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi bá màmá sọ̀rọ̀.