Orúkọ wo ni kí a pe ère tí a fi oríṣiríṣi èròjà pìtàn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wa gbé wá láti Òṣogbo ni mo fẹ́ dá sí. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń fi igi, irin, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, àfọ́kù ìkòkò àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣe ère kan ṣoṣo tí yóò máa pìtàn, ó sì ń wá orúkọ Yorùbá tí òun lè fi pe iṣẹ́ náà fún wọn. Orúkọ mẹ́ta ni ẹ ti dá lábàá: ère onírúurú ohun èlò, ère àdàlù, àti ère àrokò. Ẹnìkan tún sọ pé kí a kàn fi ohùn Yorùbá kọ orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é, ìyẹn mixed media. Èrò tèmi ni pé kò sí èyí tí ó gbé gbogbo iṣẹ́ náà nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àrokò, ìyẹn nǹkan tí a fi ń ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, sún mọ́ ọn ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun èlò kúrò nílẹ̀. Èlò ni òòlù, ayùn àti ọ̀bẹ tí oníṣẹ́ ń kó padà sínú àpótí nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Èyí tí ó bá wọ inú iṣẹ́ lọ tí kò tún jáde mọ́, èròjà ni.

Àdàlù ni ó gba àròjinlẹ̀. Ẹni tí ó dá a lábàá sọ pé gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ náà, pé ọmọdé pàápàá kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá dà lu ara wọn, a fẹ́ kí wọ́n di ọ̀kan ni, kí ojú má lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ mọ́ lára èkejì. Òdìkejì èyí ni oníṣẹ́ ère yìí ń wá. Ẹ wo iṣẹ́ El Anatsui, ọmọ Gánà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní yunifásítì tí ó wà ní Nsukka, tí wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn Golden Lion ní Venice ní ọdún 2015 nítorí iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Wáyà kọ́pà ni ó fi ń so ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdérí ìgò ọtí pọ̀, tí wọn yóò fi tẹ́ rẹrẹ bí aṣọ ńlá. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè, aṣọ ni yóò rí; ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn yóò ka orúkọ ọtí lára rẹ̀, ọtí náà yóò sì rán an létí òwò tí àwọn òyìnbó bá wa ṣe ní etí òkun, títí kan òwò ẹrú. Ká ní ńṣe ni ó yọ́ àwọn ìdérí náà nínú iná tí ó sì dà wọ́n pọ̀ ni, àdàlù ni ìbá jẹ́, ìtàn tí ó wà lára wọn ìbá sì ti bá iná lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe dá ère alákànpọ̀ lábàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní gírámà Yorùbá ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún gbólóhùn tí a fi ọ̀rọ̀ bíi ṣùgbọ́n tàbí àmọ́ kan odidi gbólóhùn méjì pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì lè dá dúró bí a bá tú wọn. Ẹ tún ní gbólóhùn oníbọ̀, níbi tí a ti ki gbólóhùn kan bọ inú òmíràn. Ìyàtọ̀ tí ẹ fà síbẹ̀ wúlò púpọ̀ fún wa níhìn-ín, Òṣogbo gan-an ni a sì ti lè dán an wò.

Nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, pàápàá Adébísí Àkànjí tí ó ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà rí, fi irin, amọ̀ àti símẹ́ǹtì gbé ère ńláńlá dìde. Èròjà ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n inú símẹ́ǹtì ni irin wà, ó ń gbé ère ró láìsí ẹni tí ń rí i. Oníbọ̀ ni mo ka ìyẹn sí. Àṣírù Ọlátúndé, tí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, lu ènìyàn, ẹranko àti igi sí ara páànù alumíníọ̀mù àti bàbà, tí ìtàn fi kún ojú páànù dẹ́múdẹ́mú. Ìtàn wà níbẹ̀, àkànpọ̀ kò sí. Jímọ̀h Buraimoh, tí ó ń mójú tó iná nínú ẹgbẹ́ eléré Dúró Ládiípọ̀ kí ó tó di gbajúmọ̀, lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó pẹ̀lú ọ̀dà. Àkànpọ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwòrán ni, kì í ṣe ère. Àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: a lè sọ pé àwòrán alákànpọ̀ láìsí wàhálà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀yìn òde ni irú ère bẹ́ẹ̀ ti wá bá wa. Igi ni agbẹ́gilére gbẹ́ fún ìyá ìbejì, ṣùgbọ́n ìyá ni ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, tí ó fi osùn kùn ún, tí ó ń wẹ̀ ẹ́ títí ojú rẹ̀ fi ń dán. Lọ́wọ́ ìyá ni ère náà ti ní ìtàn.

Ní ti ẹni tí ó ní kí a fi ohùn Yorùbá kọ orúkọ òyìnbó, mo fẹ́ rán wa létí ohun tí àwọn ará Òṣogbo ṣe ní ọdún 1962. Mbari ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tí ó wà ní Ìbàdàn nígbà náà, èdè Ìgbò ni wọ́n sì ti mú un. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier, òyìnbó ọmọ Jámánì, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn ará ìlú gbọ́ ọ ní èdè tiwọn, wọ́n sì fi ìdajì tí ó kù kún un: Ḿbárí Ḿbáyọ̀, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Ìlú tí ó gba orúkọ àlejò tí ó sì sọ ọ́ di odidi gbólóhùn kò yẹ kí a gbé ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ fún.

Mo wá bọ́ sórí àrokò. Alákànpọ̀ sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Kò sọ pé ère náà ń pìtàn. Àrokò sọ ọ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà ni mẹ́fà; mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Ohun tí a fi ń sọ̀rọ̀ kò ya ara rẹ̀ láwòrán, orúkọ rẹ̀ àti iye rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Àgbà wa kan ta kò ó pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, àti pé ẹnìkan ṣoṣo ni a ń fi àrokò ránṣẹ́ sí nígbà tí gbogbo ayé ń wo ère. Àtakò àkọ́kọ́ kò dẹ́rù bà mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó ti gba ìtumọ̀ kejì lè gba ẹ̀kẹta. Èkejì ni ó lágbára. Nítorí rẹ̀ ni n kò fi lè gbà kí a pe gbogbo ère alákànpọ̀ ní àrokò. Èyí tí èròjà inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ apá kan ìtàn nìkan ni ó tọ́ sí.

Àpẹẹrẹ tí mo ní lọ́kàn ni ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó. Igi tí Tìmẹ́hìn ọdẹ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gé wó sínú odò, Ọ̀ṣun sì ké jáde pé gbogbo ìkòkò aró òun ni wọ́n ti fọ́ tán. Ọmọ iṣẹ́ kan lè gbẹ́ ìkòkò tí ó fọ́ láti ara igi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò sì dára. Òmíràn lè lọ wá àfọ́kù ìkòkò aró gidi lọ́dọ̀ àwọn aláró, èyí tí elú ṣì mọ́ lára, kí ó fi wáyà kàn án mọ́ kùkùté igi tí ó dá, kí ó sì ta àdìrẹ kọ́ ọ lápá ibi tí omi yẹ kí ó wà. Ẹni tí ó bá yí ère kejì yìí po kò nílò kí a sọ fún un pé nǹkan fọ́, nítorí pé ohun tí ó fọ́ ni ó ń wò. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti le fún àwọn ọ̀dọ́ ni yíyan ojú ibi tí olùwòran yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ère kò ní ojú ìwé àkọ́kọ́, àti bí wọn yóò ṣe so nǹkan pọ̀: okùn tí a ta ní kókó ń sọ ohun kan, ìṣó tí a gbá wọlé ń sọ òmíràn. Ọmọ tí ó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ohun gbogbo nítorí kí ó lè yá ti sọ ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ rẹ̀ nù.

Nítorí náà, orúkọ méjì ni mo ń dá lábàá: ère alákànpọ̀ fún gbogbo irú iṣẹ́ náà, ère àrokò fún èyí tí èròjà rẹ̀ ń pìtàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ gbẹ́, nítorí pé ẹni tí ń gbẹ́ ń mú kúrò lára igi ni, ẹni tí ń kàn sì ń fi kún un. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó kan ère. Agbẹ́gilére kò sì bá olúwarẹ̀ mu mọ́. Oníṣẹ́ ère ti tó fún un ní tèmi, àfi bí ẹnìkan nínú yín bá ní èyí tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ létí. Kí ẹni tí ó béèrè jọ̀wọ́ lo orúkọ méjèèjì fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí a mọ èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè.