Orúkọ òwìwí tí mo ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ ti dá wàhálà sílẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Owiwi_Gwarinpa
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa olùwo-ẹyẹ. Ẹ jọ̀ọ́, orí mi ti gbóná. Orúkọ tí ẹ̀ ń rí lókè yìí ni mo ń jẹ́ níbi gbogbo tí mo ń kó fọ́tò ẹyẹ sí. Mo mú un nítorí pé òwìwí ni ẹyẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ẹyẹ tó ń bá wa jẹ eku ilé, tó ń fò láìpariwo, kí ló burú níbẹ̀? Àmọ́ látìgbà tí ìyá ọkọ mi ti rí orúkọ náà lórí fóònù ọmọ wọn, ilé ò rójú. Màmá ní ta ló ń fi ẹyẹ àjẹ́ sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Àwọn obìnrin ìjọ wa ti ń fojú òdì wò mí. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń sọ Hausa ń pè mí ní Mama Mujiya, mai ruwa tó ń gbé omi wá fún wa náà ti gbà á lẹ́nu wọn. Àbúrò ọkọ mi wá láti Ìlọrin, mo gúnyán, mo ro ẹ̀fọ́, kò fọwọ́ kàn án.

Mo fẹ́ pààrọ̀ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí gbogbo fọ́tò mi má lọ dàwátì. Báwo ni kí n ṣe é? Kí ni kí n sì máa jẹ́?

EgaKubwa
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Àmọ́ ẹ ò sọ ibi tí ẹ ti ń lo orúkọ náà. "Níbi gbogbo" kò tó, nítorí ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣe é yàtọ̀. Tó bá jẹ́ Nigeria Bird Atlas, iṣẹ́ yíya máàpù ẹyẹ Nàìjíríà, lẹ̀ ń fi áàpù BirdLasser ṣe, nọ́ńbà olùwòye ni wọ́n fi ń mọ èèyàn níbẹ̀, kò kan orúkọ ìnagijẹ. Tó bá jẹ́ Instagram, iNaturalist (ibi tí a ń kó fọ́tò ẹranko àti ewéko sí) tàbí Telegram, ẹ sọ fún wa.

Lekeleke_Jos
Ẹ má pààrọ̀ ohunkóhun. Bí àwa tá a mọ ẹyẹ bá ń sá fún òwìwí, ta ni yóò gbèjà rẹ̀? Ẹ wo igún tí gbogbo ayé ń ṣépè fún. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, ti fi igún olórí pípá tiwa sí ìpele tó gbẹ̀yìn kí ẹ̀dá tó pa run nínú igbó, àwọn tó ń fi í ṣe oògùn sì wà lára ohun tó fà á. Orúkọ tí ẹ̀ ń jẹ́ yẹn, ẹ̀kọ́ ni fún àdúgbò.

AparoMinna
Lekeleke, ẹni tó ń bá ìyá ọkọ gbélé kọ́ nìyẹn. Ìmọ̀ràn ló ní ká gba òun.

EluuluKaduna
Ẹ ṣọ́ra o! Bí ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ 60 kí ẹ tó lè tún un ṣe.

EgaKubwa
Facebook ló ní òfin ọjọ́ 60 yẹn, orúkọ tó ń hàn lójú-ìwé ẹni ló sì wà fún. Ìdí nìyí tí mo fi ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń lò ó.

AkokoLugbe
Ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè kan ni tèmi: fọ́tò òwìwí tí ẹ ti gbé síta, ṣé ojúlówó ibi tí ẹ ti yà á ló hàn lórí máàpù?

Owiwi_Gwarinpa
Ẹ ṣé o. iNaturalist, Instagram àti Telegram ni. Lekeleke, Ọlọ́run á bù kún yín, ohun tí mo ń sọ fún ọkọ mi náà nìyẹn. Kì í ṣe èmi ni mo sọ pé ẹyẹ ọ̀hún jẹ́ ti àjẹ́. Àwọn tó ń jẹ́ Àwòdì, tí àwòdì ń gbé adìyẹ wọn, ta ló dá wọn lẹ́jọ́? Màmá tiẹ̀ fẹ́ kí n máa jẹ́ Àdàbà. Èmi rò ó pé kí n jẹ́ Ọ̀kín, kí n fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í pè.

EgaKubwa
Ó dáa. Ọkàn yín á balẹ̀ báyìí: fọ́tò kankan ò ní sọnù níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà tí wọ́n fún àkáǹtì yín látìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ yín so mọ́. Orúkọ kàn jókòó lórí rẹ̀ ni.

iNaturalist: ẹ wọlé lórí wẹ́ẹ̀bù, ẹ lọ sí Account Settings, abẹ́ Profile lẹ ó ti rí i. Ibi méjì ló wà níbẹ̀. Username gba lẹ́tà, nọ́ńbà, àti àwọn ìlà kéékèèké méjì yẹn, - àti _, kò gba àmì ohùn. Display Name gba àmì ohùn, ẹ lè kọ Ọ̀kín síbẹ̀ bó ṣe yẹ. Ibi tí ẹlòmíràn ti fi @ pe orúkọ yín àtijọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn kò ní tẹ̀ lé yín.

Instagram: Edit profile, lẹ́yìn náà Username. Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 30 lọ. Wọ́n sábà máa ń fi ọjọ́ 14 sílẹ̀ fún yín láti padà sí ti tẹ́lẹ̀ bí ọkàn yín bá yí.

Telegram: Settings, Username. Ojú ẹsẹ̀ ni ti àtijọ́ ń bọ́, ẹnikẹ́ni sì lè gbé e. Lẹ́tà márùn-ún ló kéré jù. Okin ò wọlé níbẹ̀, agbe ò wọlé, ega gan-an ò wọlé, ìdí tí mo fi so Kubwa mọ́ tèmi nìyẹn.

EluuluKaduna
Èmi ò gbà pé kí Yorùbá máa jẹ́ orúkọ tí kò lámì. Ó yẹ ká máa bá àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn jà.

AparoMinna
Ìjà yẹn dáa, àmọ́ kò ní yanjú ti òní. Ọ̀ tó wà nínú Ọ̀kín, ẹ̀rọ ka ọ aládòótì sí ọ̀kan, ó tún ka àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ sí òmíràn. Fóònù kan á tò wọ́n báyìí, òmíràn á tò wọ́n bọ́ọ̀hún, ẹni tó ń wá yín á sì tẹ okin lásán. Àmì di orúkọ tó ń hàn, orúkọ tí a fi ń wá èèyàn di lẹ́tà gbalasa.

Ẹ wo Eluulu fúnra rẹ̀: u mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹni kan á tẹ elulu, ẹlòmíì á tẹ eluulu. Lékèélékèé náà ń kó èèyàn sí irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ẹ bá lè pè lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹni tó gbọ́ ọ sì kọ ọ́ láìbèèrè, òun ló dára. Ẹ má lo òdo sí àárín lẹ́tà, wọn á pè é ní o. Ẹ má jẹ́ kó ju lẹ́tà 15 lọ, nítorí ibẹ̀ ni X (Twitter àtijọ́) ti ń dá a dúró, bóyá ẹ máa débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kà á láìlámì, kẹ́ ẹ wo gbogbo ohun tó lè jẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn oko tó wá ń jẹ́ Oko báyìí, ojú á tì í.

AkokoLugbe
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn nípa máàpù, ìyá wa. Kí ló dé tí Gwarinpa fi wà nínú orúkọ yín?

Owiwi_Gwarinpa
Ẹ má bínú. Mo fi Gwarinpa sí i nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn òwìwí tí mo ń yà ń gbé, inú ilé kan tí wọn ò tíì parí lẹ́yìn ilé wa. Lókè àjà ni ìtẹ́ wọn wà. Òwìwí olójú funfun, èyí tí ojú rẹ̀ dà bí ọkàn. Ó dá mi lójú pé ó hàn lórí máàpù, ṣé kì í ṣe kí iṣẹ́ ìwádìí lè gún régé ni? Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́: ọkùnrin méjì kan ti wá bá mi ní kọ̀rọ̀ lórí Telegram pé èló ni mò ń ta òwìwí. Èkejì bèèrè bóyá ó ṣì wà láàyè. Ó ní ṣé inú ilé tí táǹkì dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn ni. Mo rò pé àwàdà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ, Màmá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

AkokoLugbe
Ẹ gbé ti Màmá tì ná! Kì í ṣe àwàdà. Àwọn tó ń rà á fún oògùn nìyẹn. Wọ́n tẹ owiwi, orúkọ yín gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín, máàpù sì júwe ilé fún wọn. Ẹ ṣe èyí lónìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan orúkọ rárá.

Lórí iNaturalist, ẹ ṣí gbogbo òwìwí tí ẹ ti gbé síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Edit, ẹ wá Geoprivacy. Open ló wà báyìí. Obscured á sọ àmì yín síbikíbi nínú àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó bíi kìlómítà 22, oṣù àti ọdún nìkan ni àjèjì á sì rí, ọjọ́ ò ní hàn. Nítorí pé ìtẹ́ ni, Private ni kẹ́ ẹ fi í sí, kò ní sí àmì rárá.

Ibi tó ti ń bà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé Geoprivacy kì í pa ohun tí ẹ kọ sínú Notes mọ́. Bí ẹ bá kọ "lẹ́yìn ilé wa" síbẹ̀, ó ṣì wà níta. Kì í bo táǹkì dúdú tó wà nínú fọ́tò. Bí ẹ bá sì ya ẹ̀gà tàbí àdàbà níbẹ̀ ní wákàtí kan náà, tí ẹ fi tiwọn sílẹ̀ ní Open, òun ló máa tú àṣírí òwìwí. Ẹ kó gbogbo wọn pọ̀ nínú Batch Edit, kí ẹ pa wọ́n mọ́. Èyí tí GBIF, ibi ìkójọ àkọsílẹ̀ ẹ̀dá àgbáyé tó ń gba ti iNaturalist, bá ti kó lọ kò ní yí lójú ẹsẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún wá kó.

Lórí Instagram, àmì mẹ́ta tó wà lókè fọ́tò, Edit, ẹ yọ orúkọ ibi kúrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o.

Lórí Telegram, ẹ má fèsì. Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, kí ẹ tó dí wọn pa. Lẹ́yìn náà, Settings, Privacy and Security, Phone Number, ẹ fi í sí Nobody.

Owiwi_Gwarinpa
Yéè. Mo fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ bíi fáìlì, kó má bàa fọ́.

AkokoLugbe
Fáìlì máa ń gbé ibi tí fóònù ti yà á dání. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, Telegram á ti fọ ìyẹn kúrò. Ẹ tẹ fáìlì náà mọ́lẹ̀, Delete, kí ẹ mú un kúrò lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ti gbà á sílẹ̀ ti gbà á, àmọ́ ẹ dí tàwọn yòókù.

EluuluKaduna
Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí látàárọ̀? Ẹ̀fọ́ rírò lẹ kọ́kọ́ sọ fún wa!

Lekeleke_Jos
Ẹ má bá wọn wí mọ́. Mo kó ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ jẹ: ẹ yọ Gwarinpa, ẹ sì yọ owiwi, títí ewu á fi kọjá. Ẹyin òwìwí olójú funfun máa ń gbà tó bí ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó pa, ọmọ rẹ̀ sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó fò. Ẹ má gbé fọ́tò tuntun kankan síta láàárín ìgbà náà, ẹ má gun àjà, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kódà bí wọ́n bá fò lọ, ẹ jẹ́ kó wà ní Private, nítorí wọ́n sábà máa ń padà sí ìtẹ́ kan náà.

Owiwi_Gwarinpa
Mo ti gbọ́. IyeFunfun ńkọ́? Ìyẹ́ rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, Màmá ò sì ní mọ̀.

AparoMinna
Ó dáa. Láìlámì, ẹni kan á kà á sí ìyè, ẹlòmíì á kà á sí iye, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni. Ẹ kọ́kọ́ wá a níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹnì kan ò tíì gbé e, kí ẹ tó pààrọ̀ ẹyọ kan. Lórí Telegram, bí ẹ bá ti bọ́ orúkọ àtijọ́ sílẹ̀, ẹ ṣí channel òfìfo kan kí ẹ fún un ní orúkọ yẹn, kí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn má bàa gbé e láti fi máa pe ara wọn ní ẹ̀yin.

Owiwi_Gwarinpa
Mo ti fi gbogbo rẹ̀ sí Private. Mo wò ó lórí fóònù ọkọ mi láìwọlé, àmì náà ò sí lórí máàpù mọ́. Ẹ̀gà kan ṣì wà níbẹ̀ tó ń tọ́ka sí ilé náà, mo ń lọ bá a.