Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ sọ ẹ̀rọ akóyìnyín di ẹ̀rọ ìtúlẹ̀

Ọlọ́gbà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀rọ akóyìnyín kan wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tó ní irin alọ́ níwájú tó ń wọ́ yìnyín wọlé, tó sì ní abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ jáde. Páànù iwájú rẹ̀ ti dógùn-ún jẹ tán, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo fẹ́ tú irin alọ́ yẹn kúrò, kí n jó abẹ mọ́ ọ̀pá rẹ̀ kí n lè máa fi túlẹ̀. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ọkọ̀ àlòkù ni mo fẹ́ gé ṣe abẹ. Ṣé á ṣiṣẹ́?

Wẹ́dà Àgbà: Abẹ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, sà. Gíábọ́ọ̀sì kékeré tó wà láàárín irin alọ́ yẹn ni. Òun ló ń dín eré kù ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá: tí abẹ̀bẹ̀ bá ń yí bí ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, irin alọ́ á máa yí bí 120. Yìnyín rọ̀, ilẹ̀ ò rọ̀. Tí abẹ bá fi lè kọ lu gbòǹgbò tàbí òkúta, bóòtù ẹlẹgẹ́ tí wọ́n fi de irin alọ́ mọ́ ọ̀pá á kán. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wá fi bóòtù líle rọ́pò rẹ̀ kó má baà máa kán, eyín inú gíábọ́ọ̀sì ló máa run.

Ohun mìíràn ni pé páànù iwájú yẹn ló gbé orí ọ̀pá méjèèjì dúró. Tẹ́ ẹ bá gé e dànù, ẹ gbọ́dọ̀ fi irin ṣe férémù tuntun, kẹ́ ẹ sì wá bẹ́ríǹgì tí wọ́n dé pa sí i, kí iyẹ̀pẹ̀ má wọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ lọ̀gá wẹ́dà sọ, àmọ́ ibi iṣẹ́ ló yàtọ̀. Ilẹ̀ tí ọkọ́ ti tú tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ lọ̀ kúnná kẹ́ ẹ sì po ajílẹ̀ mọ́, gíábọ́ọ̀sì yẹn lè gbé e tí abẹ ò bá wọlẹ̀ jù. Bí mo ṣe ń lo tèmi nìyẹn. Mi ò jẹ́ gbé e lọ sórí ilẹ̀ tí ọkọ́ ò tíì kàn rí.

Ọlọ́gbà: Ẹ ṣeun, mà. Ilẹ̀ tí ọkọ́ ò tíì kàn gan-an ni tèmi. Ọ̀gá, tí mo bá yọ gíábọ́ọ̀sì náà, tí mo fi ṣéènì alùpùpù gbé agbára lọ sísàlẹ̀ ńkọ́?

Wẹ́dà Àgbà: Ìyẹn ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pá ẹ́ńjìnnì: iwájú ló kọjú sí, ọ̀pá abẹ sì dábùú. Gíábọ́ọ̀sì ló ń bá yín darí agbára sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá ti kúrò, àfi kẹ́ ẹ yí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ kọjú sí ọwọ́ òsì ẹni tó di ẹ̀rọ mú. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kéékèèké ló ń yí lòdì sí ọwọ́ aago téèyàn bá dojú kọ ọ̀pá wọn, nítorí náà abẹ á máa yí síwájú. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ rọra fa okùn ẹ́ńjìnnì láti wo ibi tó ń yí sí kẹ́ ẹ tó jó ohunkóhun.

Eré ẹ́ńjìnnì jẹ́ ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́líìtì láti púlì íńṣì 3 sí íńṣì 9 á sọ ọ́ di 1,200. Ṣéènì láti àgbá eyín 12 sí ti 48 á sọ ọ́ di 300, ṣéènì kejì láti 12 sí 18 á wá sọ 300 yẹn di 200, ìyẹn sì tó láti túlẹ̀. Ẹ má gbé àgbá eyín ńlá sórí ọ̀pá abẹ o! Ti eyín 72, tó lè sọ 1,200 di 200 lẹ́ẹ̀kan náà, fẹ̀ ju íńṣì 11 lọ, òun ló máa kọ́kọ́ gbá ilẹ̀. Òkè ni kẹ́ ẹ ti dín eré kù.

Ọlọ́gbà: Bẹ́líìtì tó ń yí táyà ńkọ́? Ara ẹ́ńjìnnì yẹn náà ló wà.

Wẹ́dà Àgbà: Ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ yọ ohun tó de táyà mọ́ ọ̀pá rẹ̀ kó máa yí fúnra rẹ̀. Abẹ ló máa wọ́ ẹ̀rọ lọ. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni irin gbọọrọ kan lẹ́yìn tó ń gúnlẹ̀, tó ní ihò lóríṣiríṣi kẹ́ ẹ lè gbé e sókè sódò. Bó bá ṣe wọlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lẹ̀rọ á ṣe rọra lọ tó, abẹ á sì túlẹ̀ jinlẹ̀.

Sípíríǹgì dáa, àmọ́ ẹ má jó o tààrà. Ojú ibi tí iná bá ti kàn án máa ń gan, á sì kán. Ẹ jó irin pẹlẹbẹ róbótó mọ́ ọ̀pá, kẹ́ ẹ fi bóòtù de abẹ mọ́ ọn.

Mẹkáníìkì: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kò sẹ́ni tó tíì sọ ti eruku. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì akóyìnyín ni kò ní fítà afẹ́fẹ́ rárá, torí kò séruku lórí yìnyín. Ẹ gbé e wọ ọgbà bẹ́ẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á wọ ẹnu kàbúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò, á sì ha ríìngì àti sìlíńdà inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá fítà tó bá a mu kẹ́ ẹ tó tan iná sí i. Ẹ tún tú páànù tí wọ́n fi bo kàbúrétọ̀ kó lè gbóná nínú òtútù. Tó bá ń rú èéfín dúdú nínú ooru, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọwọ́ irin tó jẹ́ pé téèyàn bá ti tú u sílẹ̀, abẹ á dúró. Ẹ so ó mọ́ púlì tó ń fún bẹ́líìtì tuntun yẹn le. Kẹ́ ẹ sì fi páànù bo òkè abẹ dé ẹ̀yìn, níbi tí ẹsẹ̀ yín máa wà.

Ọlọ́gbà: Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo dúpẹ́ gan-an. Férémù àti fítà ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́, Mẹkáníìkì? 5W-30 ni.

Mẹkáníìkì: Ti òtútù nìyẹn, sà. Ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ fi SAE 30 rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà ooru. Kẹ́ ẹ sì máa wo bó ṣe pọ̀ tó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbàkígbà.