Wọ́n ní kí n jáwọ́ nínú ìwé ìfẹ́ yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ kú alẹ́ o. Inú ń bí mi, ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Àbúrò mi obìnrin ló mú ìwé ìtàn ìfẹ́ kan bọ̀ láti Èkó. Ọkùnrin inú rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 52, obìnrin jẹ́ ẹni ọdún 26. Mo ka ẹ̀yìn rẹ̀, mo jù ú sórí fìríìjì. Mo rò pé ti bàbá olówó àti ọmọbìnrin tí ebi ń pa ni, a sì ti rí ìyẹn tó ní Òṣogbo níbí.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ la ṣí i. Háà! Obìnrin náà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá yẹn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bí bàbá bá ti ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá, á dá a dúró, bàbá á sì dúró. Ibì kan wà tí bàbá ti bi í pé, "Bí mo bá pé 80, ìwọ á jẹ́ 54. Ṣé o ti rò ó?" Kò dáhùn kíákíá, ó lọ rò ó dáadáa. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti wọ̀ mí lára, torí òǹkọ̀wé ò fi ìṣirò yẹn pamọ́.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe pè mí ní ọjà Olúòde, lójú àwọn oníbàárà mi, tó ń pariwo pé kí n gbé ìdọ̀tí náà kúrò nílé. Èmi tí mò ń sanwó iná, tí mò ń ra gáàsì! Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Àlékúwodò: Àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ ń tọrọ ààyè kàwé? Ọdún 14 ni ọkọ mi fi jù mí lọ. Wọ́n pè é ní bàbá mi ní báǹkì, ó sì lọ kun irun rẹ̀ ní dúdú. Kí ni orúkọ ìwé náà?

Tíṣà Òkè-Fìà: Irú ìwé yìí ló ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò bá tí ì pé 18, ọmọdé ni.

Olùbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kọ ọ́ pé ẹni ọdún 26 ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Tíṣà, Àdùnní Olórìṣà wa ńkọ́, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó tún igbó Ọ̀ṣun ṣe? Wọ́n bí i ní 1915, wọ́n bí Ulli Beier ọkọ rẹ̀ ní 1922. Ìyàwó ló dàgbà ju ọkọ lọ, wọ́n sì jọ wá sí Nàìjíríà ní 1950.

Tíṣà Òkè-Fìà: Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ náà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Ṣé àwọn ẹlẹgbẹ́ kì í kọ ara wọn ni?

Alhaja Ọjà-Ọba: Ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n yín. Báwo ni ìwé tí ẹ ń kà ní yàrá yín ṣe dé etí rẹ̀?

Olùbéèrè: Màámi ni mò ń kà á fún. Ojú wọn ò ríran mọ́. Ìwé òyìnbó ni, mò ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Ọmọ ọdún 18 ni wọ́n nígbà tí wọ́n fi wọ́n fún bàbá wa, bàbá sì ti lé ní 45. Nígbà tí a dé ibi tí bàbá inú ìwé ti bi obìnrin náà ní ohun tó fẹ́, màámi ní kí n tún un kà. Wọ́n ní, "Wọn ò bi èmi." Wọ́n wá ń sọ ohun tí wọn ò sọ fún wa rí, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó gbọ́ tiẹ̀. Ó ní mò ń fi ìwé bú òkú bàbá.

Ìyá Ìbejì, Àlékúwodò: Ẹ ò ṣe tètè sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ má dá a dúró o. Ẹ dákun, orúkọ ìwé.

Alhaja Ọjà-Ọba: Ọ̀rọ̀ bàbá ló ń dùn ún nígbà náà, kì í ṣe ìwé. Àgbà ni wọ́n fi mí fún, ó sì tọ́jú mi. Ẹ jẹ́ kó wálé kó gbọ́ ọ lẹ́nu màmá.

Olùbéèrè: Màámi ò ní bàbá burú. Bàbá ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún wọn, wọ́n sì sunkún rẹ̀ gan-an. Wọ́n kàn fẹ́ parí ìwé yìí ni. Kò ní kúrò nílé. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá dé ní Sátidé, kó sọ ọ́ fún màámi fúnra rẹ̀.

Tíṣà Òkè-Fìà: Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ìparí rẹ̀ fúnra yín, kí nǹkan burúkú má lọ bá màmá lójijì.

Olùbéèrè: Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Wọ́n ti mú kí n ṣèlérí pé a jọ máa débẹ̀ ni.