Lórí “ìfàgùn ohùn”, “ìdánwò ẹyọ” àti “ìṣerẹ́gí”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí orúkọ tí a ó fún iṣẹ́ time-stretching, ìyẹn kí ètò kọ̀ǹpútà sọ ìró di gígùn tàbí kúkúrú láìjẹ́ kó ròkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ti gbà pé “ìfàgùn ohùn” ló yẹ ẹ́. Èmi kò gbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí a tó kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.

Nínú gírámà wa, “ohùn” ti níṣẹ́ lọ́wọ́: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Bí ìró ṣe ga sí ló ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ gíga yìí gan-an ni ètò náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ wo Audacity, ètò tí a fi ń tún ìró ṣe: irinṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, Change Speed (tí wọ́n ń pè ní Change Speed and Pitch báyìí) àti Change Tempo. Bí èkíní bá dín ìyára ìró 440 Hz (ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) kù sí ìdajì, 220 Hz ni yóò jáde. Èkejì là ń wá orúkọ fún: 440 wọlé, 440 ni kó jáde, àkókò nìkan ló yí padà. Nítorí náà mo dábàá “ìfàgùn àkókò ìró”, kí ìdàkejì rẹ̀ sì jẹ́ “ìsúnkì àkókò ìró”. Àwọn onígírámà ń lo ìsúnkì fún fáwẹ̀lì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ méjèèjì kò ta kora.

Ẹnìkan ní orúkọ kò já mọ́ nǹkan tí ẹni tó ń kọ ètò bá ti mọ ohun tó ń ṣe. Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ẹ wo librosa àti Rubber Band, irinṣẹ́ méjì tí àwọn tó ń kọ ètò fi ń ṣiṣẹ́ lórí ìró. Ẹ fún librosa ní nọ́ńbà 2, ìró ìṣẹ́jú-àáyá 10 á di 5, torí pé ìyára ló ń kà. Ẹ fún Rubber Band ní 2 kan náà gẹ́gẹ́ bí ìlọ́po àkókò, 10 á di 20. Ẹni tó bá kọ “ìlọ́po” lásán sínú àyẹ̀wò rẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ya “ìlọ́po ìyára” sọ́tọ̀ kúrò lára “ìlọ́po gígùn”.

Fún unit test, ìyẹn ètò kékeré tó ń wò bóyá ẹyọ kan nínú ètò ńlá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, “àyẹ̀wò ẹyọ” tẹ́ mi lọ́rùn ju “ìdánwò ẹyọ” lọ. Ìdánwò ni èèyàn ń ṣe tó sì ń yege. Àyẹ̀wò la máa ń tún ṣe nígbàkígbà tí a bá fọwọ́ kan ètò náà.

“Ìṣerẹ́gí”, tí ẹ dábàá fún bí èsì ètò ṣe bá ohun tí a ń retí mu tó, ló ká mi lára jù. Iye nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà sábà máa fi ń kọ ìṣẹ́jú-àáyá ìró kan sílẹ̀ jẹ́ 44,100. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 jẹ́ 441,000. Tí a bá fà á gùn ní ìlọ́po 1.5, 661,500 là ń retí. Iye yẹn la lè bi ètò léèrè. Àmọ́ a kò lè ní kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá ti ètò mìíràn ṣe rẹ́gí. Ẹ wo ọ̀nà méjì tí a fi ń fa àkókò ìró gùn: phase vocoder tí Flanagan àti Golden gbé jáde ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní 1966, àti WSOLA ti Verhelst àti Roelands ní 1993. Bí a ṣe sábà ń kọ wọ́n sínú ètò lónìí, ńṣe ni àwọn méjèèjì ń gé ìró sí abala tó gorí ara wọn, tí wọ́n sì ń tún un tò. Ibi tí abala ti pàdé yàtọ̀, nọ́ńbà náà yóò yàtọ̀, etí yóò sì gba méjèèjì. Àyẹ̀wò tó bá ń wá rẹ́gí yóò dá iṣẹ́ rere lẹ́bi. “Ìpéye” ni ká lò, pẹ̀lú ààlà tí a sọ ní gbangba: ṣé 440 ṣì wà láàárín 439 sí 441? Ìlù tí a ń lù ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá síra wọn ńkọ́, ṣé ó bọ́ sí 0.75?

Àbùkù kan wà tí ìró 440 tó ń dún láìdáwọ́dúró kò lè fi hàn. Phase vocoder máa ń fọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ìlù ká, kó má dún “pá” mọ́. Ìlù ni ká fi yẹ èyí wò. “Ìkújú ìró” ni mo fẹ́ máa pè é, bí a ṣe ń sọ pé ọ̀bẹ kújú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lùlù láàárín wa, ṣé ó bá etí yín mu?