Ṣé ọjọ́ 28 tí awọ fi ń pààrọ̀ ara rẹ̀ kan àwọn màmá náà?

Aṣaralóge Yábà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa awọ. Ìtọ́jú ojú là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ọjọ́ 28 tí wọ́n ní awọ fi ń pààrọ̀ ara rẹ̀ la fi ṣètò iṣẹ́: oṣooṣù la ń fi glycolic acid 20%, ásíìdì tó ń bó òkú awọ, kan ojú oníbàárà. Ara àwọn ọmọ ọdún 25, 30 ń gbà á. Àwọn màmá tó ti lé ní 60 ló ń dà wá láàmú: á máa ta wọ́n, ojú á bó, ó sì lè fi àpá dúdú sílẹ̀. Ojúgun wọn náà ń funfun bíi pé wọn ò mọ ìpara. Ká fi kún agbára ásíìdì ni àbí ká dín in?

Nọ́ọ̀sì Awọ, Ìdí-Àràbà:
Ẹ dín in. Ẹ kọ́kọ́ tún kàlẹ́ńdà yín ṣe ná, torí ti ọ̀dọ́ ni ọjọ́ 28 yẹn.

Ìsàlẹ̀ awọ òkè ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín sí méjì. Ọ̀kan á dúró, èkejì á máa gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀ pẹrẹsẹ, tí kẹ́rátínì ń kún inú rẹ̀, èròjà kan náà tó wà nínú èékánná àti irun. Kó tó dé òkè, ó ti kú. Òkú sẹ́ẹ̀lì yìí á tò léra bíi páánù òrùlé, ìpele bíi 15 sí 20, ọ̀rá á sì dí àárín wọn kí omi ara má bàa sá jáde. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń gun òkè, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ kó tó jábọ́.

Láti ogún ọdún dé ọgọ́rin, eré yìí ń dín ní nǹkan bí ìdámẹ́ta sí ìdajì. Sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ti pín pín, oòrùn ti ba DNA (ìtọ́ni tó ń darí sẹ́ẹ̀lì) òmíràn nínú wọn jẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn náà sì ti dín kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ máa kà fún àwọn màmá. Tẹ́ ẹ bá fi ásíìdì kàn wọ́n lóṣooṣù, ẹ ń ṣí òrùlé tí ẹnì kankan ò tíì kàn tán.

Nǹkan míì wà tí àwọn aṣaralóge kì í kà sí. Awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tá a pa pọ̀. Tí èèyàn bá ti dàgbà, ibẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdìmú wọn á dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wáàsì tàbí pílásítà fi ń bó awọ àgbàlagbà kúrò. Ẹ má fi wáàsì fa irun àgbọ̀n màmá kankan.

Apoògùn Sùúrùlérè:
Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì pé. Ti ojúgun tó ń funfun yẹn, kì í ṣe pé òkú awọ pọ̀ jù. Ìdè ló so sẹ́ẹ̀lì òkè mọ́ra, ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà ara tó ń gé nǹkan, ló ń já a, ẹ́ńsáìmù ọ̀hún kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí omi. Awọ àgbàlagbà gbẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ìdè kò já, ó wá ń ṣí ní ègé ńláńlá. Kànìnkànìn kò lè tú u. Ó kàn máa ha á lára ni.

Ìpara yíúríà 10% (èròjà tó ń fa omi sínú awọ) ni kí wọ́n fi pa ojúgun lálaalẹ́. Kí wọ́n fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kó má gbóná janjan, kí wọ́n sì fi ìpara tàbí òrí pa ara láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà tí ara ṣì tutù. Ọṣẹ dúdú le fún wọn: pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan sí; bó bá ṣe ń lọ sókè ni kíkan ń dín) máa ń tó 9 sí 10, ti awọ kò ju bíi 5 lọ, awọ àgbàlagbà sì ń pẹ́ kó tó padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Tí dókítà bá ní kí wọ́n lo tretinoin, ìpara oògùn tó ń mú kí awọ yára pààrọ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.025%, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, alẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Kó tó ọ̀sẹ̀ 12 kẹ́ ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Aláboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Kẹ́ ẹ tó gbé ásíìdì, ẹ béèrè ìpara tí màmá ń lò. Àwọn ìpara àpòpọ̀ tó ń bóra tó kún ọjà wa níbí, clobetasol (oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó le gan-an) wà nínú òmíràn, mẹ́kúrì wà nínú òmíràn. Clobetasol ń fa sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń dá kọ́lájẹ̀n, èròjà tó ń mú awọ lágbára, dúró. Ọjọ́ orí ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀! Awọ á fẹ́lẹ́ bíi bébà, abẹ́rẹ́ dókítà tó fẹ́ rán ojú ọgbẹ́ á máa ya á. Tí wọ́n bá ti lò ó pẹ́, ẹ má ní kí wọ́n jáwọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ darí wọn sí dókítà awọ ní LUTH tàbí LASUTH, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì l'Ékòó.

Aṣaralóge Yábà:
Ẹ ṣé gan-an. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó sán ńkọ́?

Apoògùn Sùúrùlérè:
Yíúríà 20 sí 25% fún ibi tó nípọn, kí wọ́n wọ sọ́ọ̀kì sùn. Ẹ má fi réésà gé e. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá, kó lọ sílé ìwòsàn.