Kurgan: ibojì olókìtì ni, kì í ṣe ibojì ọba

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe kurgan ní Yorùbá, ìyẹn ibojì tí àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́ máa ń kó erùpẹ̀ àti òkúta lé lórí, ní ọ̀dàn gbalasa tó lọ láti Ukraine títí dé Mongolia. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní "ibojì ọba". Àbúrò wa kan ní "odi òkú", torí pé odi ni ọ̀rọ̀ àwọn Túúkì tí àwọn ará Rọ́ṣíà yá lò yìí túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè bá yín dé "ibojì ọba". Ẹ wo obìnrin tí Natalia Polosmak, awalẹ̀pìtàn ará Rọ́ṣíà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ hú ní Ukok, ní òkè Altai ní Rọ́ṣíà, lọ́dún 1993. Àwọn oníròyìn sọ ọ́ di ọmọ ọba. Òótọ́ ni pé wọ́n pa ẹṣin mẹ́fà tì í, wọ́n dé irun àtọwọ́dá sí i lórí, wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù sílíìkì. Ẹni iyì ni. Ṣùgbọ́n òkìtì tó bò ó kéré púpọ̀ sí àwọn ńlá tó wà ní Pazyryk, ní Altai kan náà, kò sì sí ohun kan níbẹ̀ tó sọ pé baba rẹ̀ jọba. Tá a bá ti fi ọba sínú orúkọ, a ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀.

Ní ti "odi", ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ kọ́ ni ibi tó dé. Ẹni tó bá gbọ́ odi, Èrèdó Sùngbọ́ ló máa wá sí i lọ́kàn, yàrà àti ẹnubodè.

"Ibojì olókìtì" ni tèmi. Ẹnì kan ti ní òkìtì kéré jù, pé "òkè" ló yẹ. Ẹ wo Arzhan 2, kurgan kan ní Tuva ní Rọ́ṣíà: èyí tí wọ́n hú láàárín 2001 sí 2003, fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 80, àmọ́ kò ga ju bíi mítà 2 lọ. Òkè wá nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ wúrà tó tó nǹkan bí kìlò 20 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀! Òkè, Ọlọ́run ló dá a. Òkìtì, ẹnì kan ló kó o jọ, ì báà ṣe ikán. Òkìtì ọ̀gán mìíràn ga ju èèyàn lọ, a ò tìtorí ẹ̀ pè é lókè. Àwọn ará Ukraine pàápàá, ọ̀rọ̀ kan náà, mohyla, ni wọ́n ń lò fún ibojì àti fún òkìtì rẹ̀. Ní Tovsta Mohyla, kurgan kan lọ́dọ̀ wọn, ni awalẹ̀pìtàn Borys Mozolevsky ti rí ọ̀ṣọ́ àyà oníwúrà tó wúwo ju kìlò kan lọ ní 1971.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi yọ "òkú gbígbẹ", tí a kọ fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní mummy, kúrò nínú àkọsílẹ̀ wa. Omi ló wọ inú yàrá onígi tí wọ́n tẹ́ obìnrin Ukok yẹn sí, ló bá dì gbagidi, kò sì yọ́ láti nǹkan bí 2,500 ọdún. Omi gbígbóná ni wọ́n ń bù sí yìnyín náà díẹ̀díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Ta ló máa pe irú òkú bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ? "Òkú tí a tọ́jú" ló bá a mu, torí wọ́n ti kó ìfun rẹ̀ jáde kí wọ́n tó sin ín.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, àgbọ̀nrín kan yọ ní èjìká rẹ̀, wọ́n fín in sára ní dúdú, ìwo rẹ̀ ya lọ bí ẹ̀ka igi. Mo rí i pé ẹnì kan ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún irú àwòrán ara yìí, tí Òyìnbó ń pè ní tattoo. Kí ló dé? Àwọn ìyá wa lọ sọ́dọ̀ oníkóló, wọ́n fín ara. "Fínfín" wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lò ó.